Ariwo Ẹ́ńjìnì: Ẹ Mọ Ibi Tó Ti Ń Wá Kí Ẹnikẹ́ni Tó Tú Nǹkan Kan

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ni wọ́n ti sọ kalẹ̀ nítorí béárìn kékeré kan tó ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì. Mẹkáníìkì á tẹ́tí díẹ̀, á ní "ó ti nọ́ọ̀kì". Kí ẹ tó mọ̀, ẹ ti ń ná ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate n'Íbàdàn. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnì wọn ń kú lọ lóòótọ́, wọ́n á kàn yí rédíò sókè. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ lè ṣe ni pé, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ̀yin lẹ máa sọ ìgbà tí ariwo náà ń wá, bó ṣe ń yára tó, àti ìhà tó wà. Òwúrọ̀ kan tó fún iṣẹ́ náà, kò sì gba irinṣẹ́ olówó ńlá.

Corolla Amẹ́ríkà ti ọdún 2003 sí 2008, tó ń lo ẹ́ńjìnì 1.8 tí Toyota pè ní 1ZZ-FE, ni màá máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí kò sí àdúgbò tí kò sí. Sìlíńdà mẹ́rin ló ní. Ṣéènì ló ń yí kámú rẹ̀, ìyẹn irin tó ń ṣí fáàfù, nínú. Níta, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí alternator (tó ń ṣe iná fún bátìrì), pọ́ǹpù omi, pọ́ǹpù sítíárín àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ AC. Camry Big Daddy ni o, Accord ni o, ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà, àfi ibi tí mo bá ti dárúkọ ìyàtọ̀.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, torí èéfín sàlẹ́ńsà nínú gáréèjì tó padé máa ń pani láìjẹ́ kéèyàn fura. Ẹ fa háńbíréèkì, ẹ fi jíà sí P. Ẹni tó bá wọ agbádá, tó ta ìborùn, tàbí tó so ẹ̀gbà ọrùn gígùn, kó bọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Iná ló ń yí fáànù rédíétọ̀ Corolla, ó sì lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí tí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Ẹ má ki ọwọ́ sí i.

Géèjì ọ́ìlì ló ṣáájú

Kò sí àyẹ̀wò tó rọrùn tó èyí, òun gan-an làwọn èèyàn sì máa ń fò. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè ṣàn padà sísàlẹ̀. Ẹ fa géèjì, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ inú padà, kí ẹ tún fà á. Àárín àmì méjèèjì ló yẹ kí ọ́ìlì wà. Nǹkan bíi lítà mẹ́rin péré ni 1ZZ-FE ń gbà pẹ̀lú fítà, nítorí náà tí lítà kan àtààbọ̀ bá ti lọ, ó ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Wọ́n sì mọ ẹ́ńjìnì yìí mọ mímu ọ́ìlì. Ó lè má jò sílẹ̀ rárá, kí ọ́ìlì sì ti dín. Agbára ọ́ìlì ló ń ti tẹ́ńṣọ́nà ṣéènì, ìyẹn ohun tó ń mú kí ṣéènì le; tí ọ́ìlì bá ti kéré, tẹ́ńṣọ́nà á rọ̀, ṣéènì á sì máa gbá ara mọ́ ilé rẹ̀. Ẹ bu ọ́ìlì kún un dé àmì, ẹ tan án, ẹ tún tẹ́tí. Àwọn ariwo kan máa ń parí síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fa géèjì yẹn, ẹ má tíì nù ún. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú ẹ̀kán ọ́ìlì kan lẹ́nu rẹ̀, ẹ gbé e sínú oòrùn, ẹ fi ìka méjèèjì ra á díẹ̀díẹ̀. Ọ́ìlì tó dúdú kò burú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Èyí tó ń dán yinrinyinrin, tó ní ohun wẹ́wẹ́ aláwọ̀ fàdákà tàbí bàbà nínú, irin ló ń jẹ ara rẹ̀ níbì kan nínú ẹ́ńjìnì, mẹ́táàlì kọ́ńrọ́ọ̀dù ló sì sábà máa ń jẹ́, ìyẹn béárìn pẹlẹbẹ tó wà láàárín kránkì (irin ìsàlẹ̀ tí àwọn pístìn ń yí) àti ọ̀pá tó so ó mọ́ pístìn. Èyí tó di funfun rúsurùsu, omi ti wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gáàsíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì nìyẹn, ẹ má tan ọkọ̀ náà mọ́.

Tí iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì bá tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ibi yòówù kí ẹ wà. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ rọra wà á délé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lórí ọ́ìlì. 5W-30 ni Toyota kọ sínú ìwé ọkọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń da 20W-50 sí i, àwọn kan sì tún ń da oògùn oríṣiríṣi lé e lórí. Ọ́ìlì tó ki máa ń bo ariwo mọ́lẹ̀, kò sì tún irin tó ti jẹ ṣe. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ mọ èyí dáadáa. Tí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ débẹ̀ ní ìdájí láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó tan án. Tó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ti ṣeré tiwọn kí ẹ tó dé.

Ìgbà wo ló ń dún?

Ìbéèrè yìí ló ń ya nǹkan sọ́tọ̀ jù, ju bí ohùn náà ṣe rí lọ. Ariwo méjì lè jọra gan-an kí àtúnṣe ọ̀kan jẹ́ owó táṣẹ́rẹ́, kí ti èkejì sì jẹ́ odindi ẹ́ńjìnì.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé fóònù síbi tí kò ti lè já bọ́ sára bẹ́líìtì, kó máa ká ohùn sílẹ̀, kí ẹnì kan wá bá yín tan án. Ohùn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan àkọ́kọ́ yẹn ṣe pàtàkì, ẹ kò sì ní rí i mọ́ títí di ọjọ́ kejì.

Tó bá ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ díẹ̀ tó sì dákẹ́, ọ́ìlì ni kò tètè dókè. Fítà gbàrọgùdù kì í ní fáàfù tó ń dá ọ́ìlì dúró, gbogbo rẹ̀ á ti ṣàn sísàlẹ̀ lóru. Ẹ fi fítà gidi sí i kí ẹ tó fọwọ́ kan tẹ́ńṣọ́nà. Tó bá ń lù gbò-gbò-gbò nígbà tó tutù, tó sì ń pòórá bó ṣe ń gbóná, pístìn tó ti láàyè díẹ̀ nínú sìlíńdà ló sábà máa ń jẹ́, ẹ́ńjìnì sì lè gbé irú ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni òdìkejì rẹ̀: èyí tó dákẹ́ láàárọ̀, tó wá ń jáde nígbà tí ọkọ̀ bá ti rin ìrìn dáadáa. Ọ́ìlì ti gbóná, ó ti ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sì lè dí àyè tó wà láàárín mẹ́táàlì àti kránkì mọ́.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, ẹ máa yí nǹkan padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tan AC, ẹ tẹ́tí, ẹ pa á. Ẹ yí sítíárín lọ dópin lápá kan, ẹ dá a padà. Tó bá ń hán wùùù nígbà tí ẹ ń yí i, ẹ wo ọ́ìlì sítíárín kí ẹ tó dá pọ́ǹpù lẹ́bi. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gan-an, ẹ fi jíà sí D, lẹ́yìn náà R, kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe níwájú ọkọ̀, kó máa wo ẹ́ńjìnì. Tí ẹ́ńjìnì bá fò sókè tó sì dún gbì, ẹ́ńjìnì síìtì, ìyẹn rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnì dúró, ti já. Ẹ má ṣe pa méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹ kò ní mọ èyí tó fà á.

Ẹ kà á

Gbogbo ohun tó wà lórí ẹ́ńjìnì, ìyẹn kámú àti fáàfù, ìdajì ìyára kránkì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Tí kránkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámú á yí lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yín ni pé bí ariwo ṣe ń yára tó lè sọ bóyá òkè ló wà tàbí ìsàlẹ̀.

Etí lásán kò lè kà á, torí nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wà ní sílóò (tó ń ṣiṣẹ́ láìtẹ tòróótù), ní bíi 750 lórí àago, kránkì ń yí ju ìgbà méjìlá lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fóònù ló máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹ fi ká fídíò ẹ́ńjìnì nígbà tó wà ní sílóò bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ dín ìyára rẹ̀ kù sí 0.25, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Tí ẹ bá ka nǹkan bíi márùndínlógún tàbí mẹ́rìndínlógún, ìyára kámú ni. Tó bá tó ọgbọ̀n sókè díẹ̀, kránkì ni. Tí ohùn náà kò bá ṣeé kà, tó kàn ń fà lọ wíììì tàbí ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀ láìdáwọ́ dúró, nǹkan tó ń yí níta ni kí ẹ fura sí, tàbí afẹ́fẹ́ tó ń jò níbi rọ́bà kan.

Ẹ má fi èyí nìkan dájọ́ o. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń yìn lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo kránkì méjì, nítorí náà gáàsì tó ń jò lẹ́nu mánífóòdù (páìpù tó ń gba èéfín lára ẹ́ńjìnì) ní sìlíńdà kan á máa fi ìyára kámú dún, pístìn náà á sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ̀rí kan péré ni kíkà yìí jẹ́ láàárín àwọn ẹ̀rí mìíràn.

Ẹ yọ bẹ́líìtì

Ibí yìí ni owó púpọ̀ ti máa ń ṣẹ́ kù. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ ta omi díẹ̀ sí ojú bẹ́líìtì nígbà tí ẹ́ńjìnì wà ní sílóò. Ike omi tí wọ́n ń tẹ̀ tó fi ń fọ́n dára jù. Tí ohùn fíìnfíìn náà bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bẹ́líìtì ti gbó. Tó bá tún pọ̀ sí i, ó ń yọ̀, ẹ wo tẹ́ńṣọ́nà bẹ́líìtì.

Tí omi kò bá yí nǹkan kan padà, ẹ pa ọkọ̀, ẹ ya fọ́tò ọ̀nà tí bẹ́líìtì gbà lọ. Mo tún un sọ, ẹ ya fọ́tò, torí ọ̀nà méjì ló jọ ara wọn lójú lẹ́yìn tó bá ti bọ́ sílẹ̀. Ẹ fi sípánà yí tẹ́ńṣọ́nà kó lè rọ̀, ẹ yọ bẹ́líìtì, ẹ tan ẹ́ńjìnì fún ìdajì ìṣẹ́jú, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ: pọ́ǹpù omi kò yí, ẹ́ńjìnì á tètè gbóná. Iná bátìrì á tàn, ẹ má kà á sí.

Tí ariwo náà bá ṣì wà, inú ẹ́ńjìnì ló wà tàbí níbi èéfín, ẹ máa bá a lọ sísàlẹ̀. Tó bá ti lọ, ẹ yọ̀, owó kékeré ni. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ fi ọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dára á yí jẹ́ẹ́jẹ́. Èyí tó ti bàjẹ́, ẹ máa gbọ́ ọ lábẹ́ ìka yín kí ẹ tó fi etí gbọ́ ọ: á máa ha, á máa dún ṣákaṣàka. Ẹ di púlì pọ́ǹpù omi mú, ẹ mì í síwá sẹ́yìn. Tó bá ń mì, tàbí tí omi rédíétọ̀ ti gbẹ sí ìdí rẹ̀ tó fi àmì sílẹ̀, pọ́ǹpù ti ń kú lọ. Béárìn alternator nìkan ló ṣeé pààrọ̀ lọ́dọ̀ ríwáyà, kò di dandan kí ẹ ra odindi rẹ̀.

Fi síkúrúdíráfà gbọ́ ọ

Síkúrúdíráfà gígùn ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó dára jù tí mo mọ̀. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan irin, ẹ fi orí rẹ̀ ti eegun iwájú etí, ẹ ṣọ́ra fún bẹ́líìtì tí ẹ ti dá padà. Ibi tí ohùn bá ti ga jù, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́sùlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fọ́n epo. Wọ́n á máa dún tìkìtìkì bí ẹ̀rọ ìránṣọ, bó sì ṣe yẹ kí wọ́n dún nìyẹn. Ohun tí ẹ ń wá ni èyí tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù.

Ẹ bọ́ sórí ìdérí fáàfù. Tìkìtìkì tó wúwo ju ti nọ́sùlù lọ, tó ń fi ìyára kámú lù, tápẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn ohun tó wà láàárín kámú àti fáàfù. Kí ẹ mọ èyí kí wọ́n má bàa fi yín ṣeré: 1ZZ-FE kò ní bóòtù kankan tí wọ́n ń yí láti fi tún tápẹ́ẹ̀tì tò. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn àyè tó wà láàárín kámú àti tápẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, mìlímítà 0.15 sí 0.25 fún èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0.25 sí 0.35 fún èyí tó ń lé èéfín jáde, kí wọ́n sì fi tápẹ́ẹ̀tì tí ìnípọn rẹ̀ yàtọ̀ rọ́pò èyí tí àyè rẹ̀ kò bá sí láàárín ìwọ̀n yìí. Accord 2.4 ló ní bóòtù tí wọ́n ń yí. Mẹkáníìkì tó bá ní òun "dé tápẹ́ẹ̀tì" Corolla yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ bi í ohun tó dé.

Ẹ gbọ́ ìdérí ṣéènì, ní ìhà bẹ́líìtì. Ní ẹ́ńjìnì yìí, ìta ni tẹ́ńṣọ́nà ṣéènì wà, ó ṣeé yọ láìtú ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì sì sábà máa ń jò níbi rọ́bà rẹ̀, ẹ máa rí i tó tutù sẹ́yìn ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ibi èéfín. Tó bá ń ṣe táì-táì-táì láàárọ̀ tó sì ń dín kù bó ṣe ń gbóná, ẹ wá ojú ibi tó dúdú bí ìdí ìkòkò lẹ́nu mánífóòdù. Irin tó gbóná ń fẹ̀, ó ń dí ibi tó ń jò. Páànù tín-ín-rín tó ń bo sàlẹ́ńsà kó má gbóná jù náà máa ń tú, á máa gbọ̀n jìjìjì ní ìwọ̀n ìyára kan ṣoṣo. Nígbà tó bá tutù, ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a, ẹ máa mọ̀ ọ́n. Wáyà kan tó.

Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀kì lóòótọ́

Oríṣi méjì là ń pè ní nọ́ọ̀kì, wọn kò sì jọra. Àkọ́kọ́ ni kíríkírí tó ń jáde nígbà tí ẹ bá tẹ tòróótù gun òkè, tó sì ń dákẹ́ bí ẹ ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ẹni tó bá ti fi ọkọ̀ tó kún gun òkè láti Èrìn-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè mọ ohun tí mò ń wí. Epo ló ń gbiná kí àkókò rẹ̀ tó tó. Epo ayédèrú, ẹ́ńjìnì tó gbóná jù, èédú tó ti lẹ̀ mọ́ orí pístìn, tàbí plọ́ọ̀gì tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń fà á. Ẹ ra epo gidi sí i, ẹ wo omi rédíétọ̀, ẹ wo plọ́ọ̀gì. Kò sí ìdí láti tú ẹ́ńjìnì.

Èkejì ni ti ìsàlẹ̀. Ó wúwo, ó ń lù gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, ẹ rẹ́ẹ̀sì rẹ̀ dé bíi 2,500, ẹ dá a dúró síbẹ̀, ẹ wá sọ ọ́ sílẹ̀ lójijì. Nọ́ọ̀kì kọ́ńrọ́ọ̀dù sábà máa ń fi ara hàn bí ìyára ṣe ń já bọ́ yẹn. Ní sílóò, ẹ wá yọ wáyà nọ́sùlù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ dá a padà kí ẹ tó yọ òmíràn. Sìlíńdà àkọ́kọ́ ni èyí tó wà ní ìhà bẹ́líìtì. Èyí tí ẹ bá yọ tí ariwo sì lọ sílẹ̀ gan-an, òun ni kọ́ńrọ́ọ̀dù rẹ̀ ti láàyè. Àwọn kan máa ń yọ kọ́ìlì dípò nọ́sùlù. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí epo tí kò jó á ṣàn lọ sínú catalyst tó ń fọ èéfín, á sì bà á jẹ́. Iná ẹ́ńjìnì á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn àyẹ̀wò yìí, sikáànù á pa á.

Tí gbogbo rẹ̀ kò bá yí ariwo náà padà, ẹ má tíì gbà pé ẹ́ńjìnì ti lọ. Nínú ọkọ̀ ọ́tò, páànù tó so kránkì mọ́ jíà-bọ́ọ̀sì máa ń sán, tàbí kí bóòtù tó dè é mọ́ torque converter (ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì wọ inú jíà-bọ́ọ̀sì) tú. Ohùn rẹ̀ jọ ti kọ́ńrọ́ọ̀dù débi pé ó ti tan àgbà mẹkáníìkì jẹ. Ẹ fi síkúrúdíráfà gbọ́ ibi tí ẹ́ńjìnì ti pàdé jíà-bọ́ọ̀sì, kí ẹ sì wò ó bóyá ohùn náà ń yí padà láàárín N àti D. Kí wọ́n ṣí ìdérí kékeré ìsàlẹ̀ ibẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ ohunkóhun kalẹ̀.

Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì

Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn àárọ̀ tó wà lórí fóònù, torí ọkọ̀ á ti gbóná kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti yọ àti ohun tó yí padà, ẹ má sọ orúkọ àìsàn fún un. Tó bá dá ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì lẹ́bi, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ṣe nǹkan méjì ná: kó so àago tí wọ́n fi ń wọn agbára ọ́ìlì mọ́ ọn nígbà tó bá gbóná, kó sì la fítà ọ́ìlì àtijọ́, kó tẹ́ bébà inú rẹ̀ sínú oòrùn. Fítà tó mọ́ àti agbára ọ́ìlì tó dára kò bá nọ́ọ̀kì kọ́ńrọ́ọ̀dù mu. Èyí tó bá kọ̀ láti ṣe méjèèjì, tó ń sáré sọ̀rọ̀ owó ẹ́ńjìnì, èmi ò ní fi ọkọ̀ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ní ti ohun tó lè dúró: tápẹ́ẹ̀tì tó ń dún díẹ̀, páànù sàlẹ́ńsà, pístìn tó ń lù nígbà òtútù nìkan, gbogbo ìwọ̀nyí lè dúró di ìgbà tí owó bá wọlé. Gáàsì tó ń jò ní mánífóòdù kò yẹ kó pẹ́, torí èéfín rẹ̀ lè wọ inú ọkọ̀. Béárìn púlì àti pọ́ǹpù omi, ọ̀sẹ̀ yìí náà ni, torí tí púlì bá fọ́ lójú ọ̀nà, bẹ́líìtì á já, ẹ́ńjìnì á gbóná, orí rẹ̀ á sì tẹ̀. Ṣéènì tó ń kígbe títí lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná, ẹ má gbé e rìnrìn àjò. Nọ́ọ̀kì kọ́ńrọ́ọ̀dù, ẹ pa á, ẹ pe ọkọ̀ tí ń fa ọkọ̀: tí ẹ bá dúró lásìkò, kránkì ṣì lè ṣeé gbẹ́, kí wọ́n fi mẹ́táàlì tuntun sí i. Tí ẹ bá wà á délé, kọ́ńrọ́ọ̀dù lè fọ́ ara ẹ́ńjìnì jáde, kò sì ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa tún ṣe níbẹ̀.